Ibi Tí Rìfáàsì Wà Tẹ́lẹ̀

Títí di òní, bí mo bá jókòó lásán tí mo ń ronú àtijáde, ọwọ́ ọ̀tún mi á máa sún lórí itan mi. Á kọ́kọ́ fà sí apá òsì, á wá fà sẹ́yìn, á dúró. Àwọn ọmọ rò pé àìsàn àgbà ni. Ọmọbìnrin mi tiẹ̀ ra ìpara olóòórùn kan wá, ó ní kí n máa fi pa ọrùn ọwọ́. Mo gbà á, mo ṣàdúà fún un. Àmọ́ kì í ṣe àìsàn. Rìfáàsì ni ọwọ́ náà ń wá, níbi tí ọkọ mi fi í sí kó tó fi ayé sílẹ̀.

Ẹni tí kò wa ọkọ̀ rí lè má mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀, jíà kìíní wà lókè lápá òsì, lẹ́bàá orúnkún awakọ̀. Èèyàn á tì í síwájú, ọkọ̀ á gbéra. Rìfáàsì tí a fi ń padà sẹ́yìn wà nísàlẹ̀ pátápátá lápá ọ̀tún. Nínú bọ́ọ̀sì tiwa, ṣe ni gbogbo rẹ̀ yí padà bí ìgbà tí èèyàn wo ara rẹ̀ nínú dígí. Kìíní wà lókè lápá ọ̀tún. Rìfáàsì wà nísàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí jíà kejì wà nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Wọn ò ṣe é bẹ́ẹ̀ wá láti òkè òkun. Tòkunbọ̀ ni, láti ìlú tí wọ́n ti ń gba apá òsì títì, sitiárìn rẹ̀ sì wà lápá ọ̀tún. Ọkọ mi gbé e lọ bá mẹkáníìkì rẹ̀ ní Ọ̀fà Gáréèjì pé kó bá òun gbé sitiárìn náà bọ́ sí apá òsì. Òun àti mẹkáníìkì yìí jọ kéwú níwájú áfáà kan náà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n jọ jẹ pàṣán kan náà, nítorí náà wọn kì í lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láì bú ara wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ṣiṣẹ́ náà. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a lọ gbé e. Ọkọ mi wọlé, ó ní Bísímílà, ó fi jíà sí kìíní, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rọ kú. Ó tún un ṣe, ó tún kú.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, kí lo ṣe fún ọkọ̀ mi?"

Mẹkáníìkì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Wáyà méjì ló ń fa jíà láti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ. Nígbà tó máa jáde, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ó ti yí ni. Èyí tó yẹ kó wà lósì ló bọ́ sí ọ̀tún yẹn. Sọ̀ kalẹ̀, kí n tú u."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án míì?"

"Ọjọ́ méjì péré."

"Ọjọ́ méjì tìẹ, oṣù kan ni. Àní bí wọ́n ṣe ń nà ọ́ ní ilé kéwú náà nìyẹn, tí wọ́n bá ní kó o kà á láti ọ̀tún, wàá kà á láti òsì."

"Ṣé èmi ni wọ́n ń nà ni àbí ìwọ?"

Ọkọ mi ò sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà nínú jíà náà bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nísàlẹ̀ àpò, títí gbogbo rẹ̀ fi yé e. Ó wa ọkọ̀ náà yípo gáréèjì lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà ó ní kí n wọlé. Ẹ̀rín ló ń rín dé ilé. Ó ní, "Ìyá wọn, olè ò lè jí ọkọ̀ yìí láé."

Jíà nìkan kọ́. Nígbà tí wọ́n gbé sitiárìn kọjá sí apá kejì, wọn ò pààrọ̀ igi kéékèèké méjì tó wà lára rẹ̀. Èyí tó yẹ kó jẹ́ tíráfíkétọ̀, tí a fi ń tan iná pé a fẹ́ yà, di wáípà. Èyí tó yẹ kó jẹ́ wáípà di tíráfíkétọ̀. Bí awakọ̀ mìíràn bá bá ọkọ mi gbé e, tó fẹ́ yà wọ ọ̀nà Basin, wáípà á bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì nínú ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn èrò á sì ké: "Dírẹ́bà, ṣé lójú tìẹ nìkan ni òjò ń rọ̀?"

Mo mọ orúkọ àwọn èrò yẹn. Mo mọ orúkọ mẹkáníìkì náà, mo mọ ti bàbá rẹ̀, mo mọ ti ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò sí ẹni tó wọ ọkọ̀ wa lẹ́ẹ̀mejì tí orúkọ rẹ̀ bọ́ lórí mi. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀, mi ò fẹ́ràn kí n máa pe orúkọ kiri mọ́. Èèyàn ò mọ ẹni tó máa dáhùn.

Olè kan wá lóòótọ́. Ọkọ mi wà ní mọ́sálásí, wọ́n ń kírun àsùbá lọ́wọ́. Ibi tó máa ń páàkì sí nínú àgbàlá wa, imú ọkọ̀ ló máa ń kọ sí ògiri, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ gbé e jáde gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn. Olè jí iná ẹ̀rọ, ó fa jíà sí ibi tí rìfáàsì wà nínú ọkọ̀ gbogbo ayé, ó yí ojú sẹ́yìn láti wo ẹnu géètì, ó tẹ tọ́tù. Ọkọ̀ fò síwájú, ó lọ kọ lu ògiri. Ìgbà tí mo máa fi jáde, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ló kù. Ògiri náà sán láti òkè délẹ̀. Ọkọ mi kò jẹ́ kí wọ́n lẹ ẹ́. Ó ní ìwé ẹ̀rí òun ni. Ó sì so sálúbàtà náà mọ́ abẹ́ àga rẹ̀, ó ní bí oníǹkan bá wá béèrè, kó rí i gbà.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún débi tí kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́, a ní oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ní Òkè-Ọyì, kò sì sí ẹni tí yóò máa kó o wálé. Àwọn ọmọ ti ní iṣẹ́ tiwọn. Ó wò mí títí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìwọ ni wàá wà á."

Mo ní, "Èmi? Ní ọjọ́ orí yìí?"

Ó ní, "Jíà náà ò mọ ọjọ́ orí."

Ọ̀nà Basin ló ti kọ́ mi, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ọkọ̀ ò pọ̀. Bí mo bá bojú wo ọwọ́ mi, á gbá mi léjìká. "Má wo jíà. Ẹni tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ nídìí oúnjẹ, ebi ò tíì pa á." Lẹ́yìn náà á gbé ọwọ́ rẹ̀ lé tèmi lórí jíà. Ọwọ́ náà le bíi wàláà kéwú àtijọ́, ó sì máa ń gbóná. A ó jọ tì í, a ó jọ fà á. Orí jíà náà, igi ni, òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń wà ti jẹ wọlé bí ojú abọ́. Mi ò mọ ìgbà tó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Lọ́jọ́ kan mo wo ẹ̀gbẹ́, mo rí i pé ó ti ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà, ó ń sùn, èmi nìkan ni mo sì ń wa ọkọ̀ láti ìdájí. Síbẹ̀, mo ṣì ń mọ ìgbóná ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọwọ́ mi.

Mi ò wa ọkọ̀ mìíràn rí. Ohun tó wà lódì fún aráyé, òun ni ọ̀tún fún mi.

Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Ó ti ṣe àlùwàlá, omi ò tíì gbẹ lápá rẹ̀. Kí wọ́n tó kírun Jímọ̀ a ti sin ín sínú àgbàlá, bí a ṣe ń ṣe nílé wa. Ìdí ògiri tó sán yẹn ni wọ́n gbẹ́ sàréè náà sí, torí ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ ti rọ̀, wọ́n sì to búlọ́ọ̀kù ìlà kan ṣoṣo yí i ká. Ẹnikẹ́ni ò rántí sún ọkọ̀. Nígbà tí èrò tú ká tí mo yọjú lójú fèrèsé, bọ́ọ̀sì náà dúró síbẹ̀, imú rẹ̀ kọ sí sàréè, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ, iná rẹ̀ méjèèjì dà bí ojú ẹni tó ń wo nǹkan tí kò yé e.

Mo wọ tákàbà. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, opó kì í jáde nílé àfi tó bá pọn dandan. Mo lè dé àgbàlá, ṣùgbọ́n mi ò kì í súnmọ́ ọkọ̀. Ojú fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí pẹ̀lú tẹ̀sùbáà mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ ti dé, eruku ti bo gíláàsì iwájú ọkọ̀ náà débi tí èèyàn ò lè rí àga. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun làásárì tán. Mo gbọ́ ohùn kan, *hẹ̀ẹ́-hẹ̀ẹ́*, bí ẹni tó ń mí látinú àyà gbígbẹ. Mo gbé ojú sókè. Wáípà ń lọ. Ó lọ, ó bọ̀, ó dúró. Ó ti nu eruku náà, ojú gíláàsì mọ́ roro bí ojú èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú. Lẹ́yìn gíláàsì, mo rí orí àga awakọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Wákàtí làásárì ni a máa ń gbéra wálé láti Òkè-Ọyì.

Ọmọbìnrin mi tó ń bá mi gbé ní, "Màmá, wáyà ni. Ṣebí ẹ mọ̀ pé wọn ò so ó dáadáa látìbẹ̀rẹ̀."

Ó pe rẹ́wáyà, ìyẹn oníwáyà ọkọ̀. Ọkùnrin náà wá, ó ṣí i, ó ní ọyẹ́ ló jẹ́ kí àwọn wáyà kan fara kan ara wọn. Ó yọ orí bátìrì, ó fi lé ọmọbìnrin mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ó parí. Ọkọ̀ tí kò ní iná, òkú ni." Bó ti sọ ọ́ tán ló rí sàréè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo tún rí i tí wáípà náà lọ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò sọ fún ọmọ mi. Bí mo bá sọ, wọ́n á ní Màmá ti ń ṣarán, wọ́n á sì tà á.

Nítorí ọ̀rọ̀ títà ti wà nílẹ̀. Ọmọkùnrin mi àgbà, tó ń gbé ní Basin, ló gbé e wá. Ọkọ̀ òun, ọtọmátíìkì ni. Ẹsẹ̀ méjì péré ló ní nísàlẹ̀, tọ́tù àti bíréèkì, kò sí jíà tí èèyàn ń wá kiri. Ó gbé mi nínú rẹ̀ rí. Ó dára, ó tutù, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé mo jókòó ti àlejò tí kò béèrè nǹkankan lọ́wọ́ ẹni.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká ta bọ́ọ̀sì yìí fún àwọn tó ń ra irin. Màá ra kékeré kan tó jẹ́ ọtọmátíìkì fún yín."

"Ọjọ́ tí mo bá jáde nínú tákàbà, bọ́ọ̀sì yìí ni màá wà lọ sí Òkè-Ọyì. Èmi fúnra mi."

"Màmá, jíà rẹ̀ wà lódì! Bí nǹkan bá ṣe yín ńkọ́?"

"Ṣé nǹkan ti ṣe mí rí?"

Ó ní, "Ó dáa. Àmọ́ bó bá ṣe bí ẹni kọ lu nǹkan lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, a ò sì ní jiyàn mọ́."

Mo gbà. Ohun tí mo ń fi ojoojúmọ́ ṣàdúà lé lórí nìyẹn: kí n gbé ọkọ̀ náà jáde, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ta bọ́ọ̀sì náà, kò sí ibòmíràn láyé tí ọwọ́ ọkọ mi wà mọ́. Àmọ́ nǹkan kejì wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ti rí wáípà yẹn tó ń lọ tó ń bọ̀, ó máa ń jọ lójú mi bí ẹni tó ń fi ọwọ́ pè mí. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń dúró dè é.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí èmi ò mọ̀ nígbà yẹn, kó lè yé yín. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí tákàbà parí, ọmọkùnrin mi gba orí bátìrì lọ́wọ́ arábìnrin rẹ̀, ó so ó padà, ó gbé ọkọ̀ náà, ó ní òun fẹ́ lọ fẹ́ táyà. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì Ọ̀fà Gáréèjì ló gbé e lọ. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó tún jíà náà ṣe bí ti gbogbo ọkọ̀, kó má bàa pa ìyá òun. Àánú ló ṣe é. Ó fẹ́ wá sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo bá jáde, kó sì jókòó tì mí kó fi hàn mí. Ó tún ní kí mẹkáníìkì dá orí jíà onígi yẹn padà sórí rẹ̀, torí ó mọ̀ pé bí mi ò bá rí i, ara mi ò ní balẹ̀. Nítorí náà, nígbà tó gbé ọkọ̀ dé, tó páàkì rẹ̀ síbi tó wà látijọ́, kò sí ohun tó yàtọ̀ tí ojú lè rí.

Ọjọ́ pé. Mo wẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ, mo kírun. Ọmọkùnrin mi ní òun ń bọ̀ ní aago mẹ́wàá. Aago mẹ́jọ ni mo ti mú kọ́kọ́rọ́. Ọmọbìnrin mi wà ní ilé ìdáná, ó ń din àkàrà sàárà. Mo ní kí n kàn gbé ọkọ̀ náà dé ẹnu géètì, kí wọ́n bá mi níbẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé mo ṣì lè ṣe é.

Mo ṣílẹ̀kùn. Òórùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, epo, obì, àti èyí tí mi ò lè dárúkọ. Sálúbàtà olè ṣì so lábẹ́ àga. Mo kí ọkọ mi nínú sàréè níwájú mi, "Àsàlámù àlékúmù." Mo jí iná. Ẹ̀rọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí kò sùn. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Mo gbé ọwọ́ lé orí jíà, àtàǹpàkò mi wọ ojú ibi tí tirẹ̀ ti jẹ, mo sì mọ ìgbóná yẹn lẹ́yìn ọwọ́ mi, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rí. Mi ò wo jíà. Ọwọ́ mi fà sí òsì, ó fà sẹ́yìn, ó wọlé. Mo yí ojú sẹ́yìn, mo ń wo géètì. Mo rọra tẹ tọ́tù, mo gbé ẹsẹ̀.

Géètì bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí mi.

Ohun tí mo rántí jù nìyẹn. Mò ń wo ibi tí mò ń lọ, ibẹ̀ sì ń sá fún mi. Ó dà bíi pé ẹnì kan di imú ọkọ̀ mú níwájú, tó ń fà mí. Mo gbọ́ *gbì*, ẹ̀rọ gbọ̀n, ó kú.

Nígbà tí mo yí ojú padà, imú bọ́ọ̀sì náà ti sinmi lé búlọ́ọ̀kù tó wà lórí sàréè, níbi orí rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kan ti ṣubú. Ògiri tó sán wà níwájú mi. Ọwọ́ òsì mi ṣèèṣì kan igi wáípà, wáípà sì bẹ̀rẹ̀, ó lọ, ó bọ̀, *hẹ̀ẹ́-hẹ̀ẹ́*, lórí gíláàsì gbígbẹ. Mi ò pa á. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò ó.

Mo ní, "Mo ti dé. Kí lẹ fẹ́?"

Òórùn àkàrà ń bọ̀ láti ilé ìdáná. Mo ro ó nínú ọkàn mi pé bó bá jẹ́ pé èmi ló ń pè, kí ló dé tí ẹ̀rọ fi kú? Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló gbé mi, kò gbé mi dé ìkarùn-ún.

Ohùn ọmọkùnrin mi ni mo gbọ́. Ó ti dé ṣáájú àsìkò, ó dúró lẹ́nu géètì, ó ká ọwọ́ lérí.

"Màmá! Màmá, èmi ni! Èmi ni mo ṣe é!"

Mo pa iná. Mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo na ọwọ́ sí i láti ojú fèrèsé. "Gbà á. Mo ti kọ lu nǹkan. Àdéhùn ni."

Kò gbà á. Ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí mo ti sọ fún yín lókè yìí. Arábìnrin rẹ̀ jáde pẹ̀lú ṣíbí àkàrà lọ́wọ́, ó gbọ́, ó sì bú u tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní kó dákẹ́. Èmi ò bínú. Ohun kan péré ni mo sọ.

"Ní kó dá àṣìṣe náà padà. Bó ṣe wà."

Mẹkáníìkì náà wá ní ọjọ́ kejì. Ó ti darúgbó ju bí mo ṣe rò lọ. Ó kọ́kọ́ dúró níwájú sàréè, ó ṣàdúà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé búlọ́ọ̀kù tó ṣubú padà sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Láti àárọ̀ títí dé ìrun àìlà ọ̀sán, mò ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Á de wáyà, á ní kí ọmọkùnrin mi dán an wò, kò ní bọ́ sí i. Á tú u, á tún un dè. Nígbà tó jáde, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Àlàájà, mo ti dè é lọ́nà mẹ́rin. Mi ò rí i ṣe."

"Ṣebí ìwọ náà lo ṣe é nígbà yẹn?"

"Nígbà yẹn, mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é. Ọkọ yín dúró lé mi lórí, ó ń bú mi, èmi náà ń bú u padà. Ọkàn mi ò sí lọ́dọ̀ wáyà." Ó fi apá nu ojú. "Kò sí ẹni tó lè bú mi débi àṣìṣe yẹn mọ́."

Mo ní kí wọ́n gbé oúnjẹ fún un. Kò jẹun tán.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọkọ̀ wíwà lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọkùnrin mi ò tún mẹ́nu kan kọ́kọ́rọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a máa ń lọ sí ọ̀nà Basin, òun á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa sọ pé, "Òsì lókè, Màmá. Òsì lókè." Kò gbé ọwọ́ lé tèmi, mi ò sì ní kó gbé e. Ìdí ọkọ̀ ni mo wá ń kọ sí sàréè báyìí, imú rẹ̀ sí géètì. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ yí jíà, mo ní láti sọ fún ọwọ́ mi pé ibẹ̀ kọ́. Ọwọ́ á lọ síbi tó mọ̀, màá dá a dúró, màá mú un padà. Ó dà bíi pé mò ń jí ẹnì kan láti sọ fún un pé ó ti kú. Ìgbà mélòó ni mo sọ ọ́ lóòjọ́? Láti ilé dé Òkè-Ọyì, jíà pọ̀.

Lásìkò yẹn, wáípà ṣì ń lọ ní làásárì. Orí bátìrì ti wà níbẹ̀ padà, nítorí náà mo lè sọ pé wáyà ni. Mi ò béèrè.

Ó tó oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, mò ń ti oko bọ̀, ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn ọkọ̀, mo dé ibi òkè kékeré tó wà lẹ́yìn Òkè-Ọyì. Ọ̀kadà kan já lu ọ̀nà níwájú mi pẹ̀lú obìnrin kan tó gbé igbá tòmátì lórí itan. Mo tẹ bíréèkì, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo fa jíà sí kejì, mo gbéra. Obìnrin náà ju ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ìyá, ẹ ṣeun o!" Mo ti gun òkè náà tán kí n tó mọ̀ pé mi ò sọ nǹkankan fún ọwọ́ mi. Òsì, ẹ̀yìn, kejì. Ibi tí rìfáàsì wà tẹ́lẹ̀. Ó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì mọ̀ pé iwájú ni òun ń lọ.

Mo wo ọwọ́ náà, èyí tí ọkọ mi ní kí n má máa wò. Kò sí ìgbóná kankan lẹ́yìn rẹ̀. Atẹ́gùn ojú fèrèsé nìkan ló ń fẹ́ sí i.

Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo sun ẹkún tí mi ò sun lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn.

Ìgbà tí mo délé, làásárì ti kọjá díẹ̀. Mo kó ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, mo kírun, mo jókòó sójú fèrèsé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà. Eruku ọ̀nà oko ti bo gíláàsì iwájú ọkọ̀. Mo dúró dè é. Oòrùn kúrò lórí ògiri tó sán, ó kúrò lórí búlọ́ọ̀kù sàréè. Mo gbọ́ ohùn àwọn aládùúgbò, mo gbọ́ ewúrẹ́. Wáípà ò lọ.

Wọ́n ń pe ìrun màgàríbì nígbà tí mo dìde. Mo jáde sí àgbàlá, mo ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, mo jókòó sí àyè rẹ̀. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, mo fi ọwọ́ ara mi tẹ igi wáípà lápá òsì. Ó nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Mo rí géètì níwájú mi, ó mọ́ kedere. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ ṣe àlùwàlá.